Ìfọ̀rọ̀wòsàn: Èdè-Ìperí fún Ìtọ́jú Àìsàn Ọkàn

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn, orúkọ àìsàn kì í yí iṣẹ́ oògùn padà. Yálà a pe ibà ní ibà tàbí a fún un ní orúkọ Látìn, oògùn kan náà ni yóò pa kòkòrò tí ó fà á. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìtọ́jú àìsàn ọkàn. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an jẹ́ oògùn. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yẹ lè sé aláìsàn lẹ́nu kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni ìlú Ẹ̀júkù ní ilẹ̀ Ìyàgbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ara àwọn Yorùbá tí a ń pè ní Òkun ni àwọn ará ìlú náà, inú ìkíni wọn ni a sì ti mú orúkọ yìí. Bí òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀ bá bi ìyá àgbàlagbà kan pé, “Ìyá, ṣé àrùn ọpọlọ ń yọ yín lẹ́nu?”, ó ṣeé ṣe kí ìyá náà dáhùn pé rárá, kí ó sì dìde. Wèrè ni ó gbọ́, ẹni tí a mọ̀ sí wèrè sì ni ẹni tí ó ti já sọ́jà. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá jẹ́, “Ìyá, ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ṣé ìrònú kò pọ̀ jù fún yín?”, ọ̀nà ti ṣí fún un láti sọ tinú rẹ̀.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú kan ní Àrò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú abúlé, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn. Òun àti Alexander Leighton láti Amẹ́ríkà jọ ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé agbègbè náà, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1963. Ìwádìí náà fi hàn pé àwọn ará abúlé mọ àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dáadáa, bí ẹkún, àìsùn àti àìlè jẹun, ṣùgbọ́n wọn kò kó wọn jọ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ní 1987, Makanjuola kọ nípa àìsàn tí àwọn Yorùbá ń pè ní ọdẹ orí: ó máa ń ṣe ẹni tí ó ní in bíi pé nǹkan ń rìn nínú orí rẹ̀, etí rẹ̀ a máa hó, àyà rẹ̀ a sì máa já. Èyí fi hàn pé ojú mìíràn ni èdè Yorùbá fi ń wo àìsàn náà. Kì í ṣe pé kò ní ọ̀rọ̀.

Orílẹ̀-èdè Zimbabwe fi àǹfààní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn. Láti 2006 ni Dókítà Dixon Chibanda ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó pẹ̀lú aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì ní àgbàlá ilé-ìwòsàn. Wọn kò pe àìsàn náà ní orúkọ òyìnbó. Kufungisisa ni wọ́n ń pè é ní èdè Shona, ìyẹn ni ìrònú àpọ̀jù. Ìpele mẹ́ta ni ìjókòó náà ní: ṣíṣí ọkàn payá, gbígbé ọkàn sókè, àti fífún ọkàn lókun. Nínú ìwádìí aláfiwéra tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, ènìyàn 573 ni wọ́n yẹ̀ wò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nǹkan bí 14 nínú 100 àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ni ó ṣì ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Láàrin àwọn tí ó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá, wọ́n tó 50 nínú 100. Ohun tí a ń pè ní ìtọ́jú tí ẹ̀rí tì lẹ́yìn nìyẹn.

Ẹ̀rí wà nítòsí pẹ̀lú. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrejé ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana. Níbi tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn olórí àdúrà ti bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí àwọn tí orí wọn dàrú, ara àwọn aláìsàn yá ju ti àwọn yòókù lọ.

Èdè-ìperí wo ni ó yẹ iṣẹ́ yìí? “Ìmọ̀ràn” nìkan kò tó, nítorí ẹni tí ó ń gbani nímọ̀ràn a máa sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Nínú ìtọ́jú yìí, olùtọ́jú a máa béèrè, a máa tẹ́tí sílẹ̀, a sì jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ rí ọ̀nà. “Ìfọ̀rọ̀wòsàn” bá a mu jù. Èyí tí Aaron Beck gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1960, tí ó ń yẹ ìrònú wò bóyá òótọ́ ni, lè jẹ́ “ìfọ̀rọ̀wòsàn ìrò-òun-ìṣe”. Fún ìpalára tí ìjàǹbá, ogun tàbí ìfipábánilòpọ̀ fi sílẹ̀, “ọgbẹ́ ìjayà” yẹ: ọgbẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó ní in, ó sì ṣeé wò jinná.

Ní ti oògùn olóró, “ìlòkulò” ti dá ẹjọ́ kí olùtọ́jú tó sọ̀rọ̀. Ìwádìí ìjọba tí ó jáde ní 2019 fojú bù ú pé mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà ni ó lo oògùn olóró láàrin ọdún kan. Bí ó bá ti di ohun tí ẹnì kan kò lè fi sílẹ̀ mọ́, “bárakú” ni Yorùbá ń pè é, ọ̀rọ̀ náà sì sọ ipò náà láìbú ènìyàn. Ọ̀nà tí William Miller kọ nípa rẹ̀ ní 1983 kò fàyè gba ìbáwí rárá. Ẹni tí bárakú mú ni a ń bi ní ìdí tí òun fúnra rẹ̀ fi fẹ́ jáwọ́.

Òfin ti ṣáájú èdè ní apá kan. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọkàn tí ó rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Ó kù kí ọ̀rọ̀ ẹnu tẹ̀ lé e. Èdè-ìperí tí a bá dá ní yunifásítì kò tíì parí títí a ó fi gbé e dé Ẹ̀júkù, kí ìyá àgbàlagbà gbọ́ ọ nínú ẹ̀ka-èdè tirẹ̀, kí ó sì lè sọ láìtijú pé ohun tí ó ń ṣe òun nìyẹn.