Ṣé o mọ̀ pé ìtara ọjọ́ kìíní kì í bá iṣẹ́ dé òpin?

Ṣé o mọ̀ pé Leonardo da Vinci gan-an máa ń pa iṣẹ́ tì? Ní 1481, àwọn mọ́ńkì kan nítòsí Florence ní kó ya àwòrán àwọn amòye tó wá foríbalẹ̀ fún Jésù ọmọ ọwọ́. Wọ́n jọ ṣàdéhùn pé kò ní ju oṣù 30 lọ. Kò pẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni fi kó lọ sí Milan. Àwọn mọ́ńkì dúró títí, kí wọ́n tó rí tiwọn gbà lọ́wọ́ ayàwòrán mìíràn ní 1496. Àbọ̀ iṣẹ́ Leonardo ṣì wà ní ilé àwòrán Uffizi ní Florence, àwọn èèyàn sì ń sanwó lọ wò ó.

Ṣé o mọ̀ pé ọpọlọ wa fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ kí nǹkan tó sú u? Onímọ̀ nípa ọpọlọ, Wolfram Schultz, ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní dopamine jáde nínú ọpọlọ ọ̀bọ. Nígbà tí omi èso kọ́kọ́ kán sí ọ̀bọ lẹ́nu láìròtẹ́lẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà jí gìrì. Nígbà tí ọ̀bọ wá mọ̀ pé bí iná bá ti tàn, omi èso ń bọ̀, iná yẹn ni wọ́n ń jí sí. Omi èso kò mì wọ́n mọ́. Mo rò pé ọ̀pọ̀ wa ló ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀lẹ lórí ohun tí kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Bí èèyàn bá ti ń kọ́ èdè Faransé láti oṣù mẹ́ta, kí ló tún kù tó ṣàjèjì nínú rẹ̀?

Ṣé o mọ̀ pé a kì í mọ ọjọ́ kà sí iṣẹ́ ara wa? Ní 1994, olùwádìí Roger Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ìgbà tí wọn yóò parí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn. Wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 34. Bí gbogbo nǹkan bá wá dojú rú ńkọ́? Nǹkan bí ọjọ́ 49. Ọjọ́ tí wọ́n lò lé ní 55.

Ṣé o mọ̀ pé òǹtẹ̀ méjì péré lè gbé èèyàn dé òpin? Àwọn olùwádìí méjì, Joseph Nunes àti Xavier Drèze, pín káàdì fún àwọn oníbàárà ilé ìfọkọ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Òǹtẹ̀ 8 ni káàdì àwọn kan ń fẹ́ kí wọ́n tó fọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tàwọn yòókù ń fẹ́ 10, ṣùgbọ́n wọ́n ti lu méjì sí i fún wọn. Iye kan náà ló kù fún tọ̀tún tòsì. Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún, 19 ló parí káàdì àkọ́kọ́, 34 ló parí ìkejì. Ẹni tó bá ń padà sídìí iṣẹ́ tó ti pa tì, kó kọ́kọ́ ka èyí tó ti ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ tuntun ló sábà máa ń gba iṣẹ́ àtijọ́ lọ́wọ́ wa? Onímọ̀ ìṣirò Charles Babbage bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ ìṣirò kan ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1820 sí 1829. Kí ó tó parí, èrò ẹ̀rọ mìíràn tó lágbára jù ú lọ ti gbà á lọ́kàn ní 1834. Ìjọba, tó ti ná ju 17,000 pọ́n-ùn lọ sórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, jáwọ́ ní 1842. Nígbà tó yá, Babbage ya àwòrán ẹ̀dà kejì ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn, kò sì rí i kọ́. Àwòrán wọ̀nyẹn ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Science Museum ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ lé ní 1991, ẹ̀rọ náà sì ṣírò láìtàsé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da àwọn àkọsílẹ̀ yín nù.

Ṣé o mọ̀ pé àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló gba ìtàn Yorùbá là? Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n sọ ọ́ nù níbẹ̀. Àlùfáà kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, oníṣègùn tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́rùn, jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Inú ẹ̀gbọ́n ni ìtara àkọ́kọ́ ti sọ. Ìwé jágbajàgba àti ìfẹ́ ọmọ ìyá ni àbúrò fi ṣe é. Ìwé náà jáde ní 1921, òun sì ni ẹni tó bá fẹ́ wádìí Ọ̀yọ́ àtijọ́ ṣì máa ń kọ́kọ́ ṣí.