Ta Ló Ni Gbọ̀ngàn Ìjọba?

Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ìjà àárín ọ̀rẹ́ ni wọ́n sọ èyí fún. Ìpànìyàn tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀mí kì í ṣe ohun ìgbàgbé. Ìlú tó bá gbàgbé irú rẹ̀ lè tún fojú rí i. Ìdí nìyí tí ìjọba fi máa ń ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ayẹyẹ ìrántí. Ṣùgbọ́n ta ló ní àṣẹ láti ṣí ilẹ̀kùn náà?

Ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà. Ní 1979, wọ́n ṣe ìrántí mílíọ̀nù 6 àwọn Júù tí ìjọba Násì ti Jámánì pa, nínú gbọ̀ngàn ńlá tó wà láàárín Capitol, ilé àwọn aṣòfin ní Washington. Ìrántí náà di ọdọọdún. Síbẹ̀, Ààrẹ kò lè dá yọ̀ǹda gbọ̀ngàn náà. Aṣòfin kan ni yóò gbé àbá kalẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì yóò sì fọwọ́ sí i. Ìpinnu náà kì í gùn: ó ń dárúkọ gbọ̀ngàn, ọjọ́ àti ìdí, ó sì ń pàṣẹ pé kí ètò bá ìlànà alábòójútó ilé náà mu. Bí ọdún bá yípo, wọn yóò tún tọrọ àṣẹ.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀? Ilé ìjọba jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Bí ẹnì kan bá dá yọ̀ǹda rẹ̀, ojú rere ni. Ó lè fi du ẹlòmíràn lọ́la. Bí àwọn aṣojú bá fohùn ṣọ̀kan ní gbangba, òkú tí à ń rántí di òkú gbogbo orílẹ̀-èdè.

Nílé wa níhìn-ín, orúkọ Olóyè Anthony Enahoro ni a fi pe ilé àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ẹdó ní Ìlú Bìní. Òun ló gbé àbá ìjọba-ara-ẹni kalẹ̀ nílé aṣòfin l'Ékòó ní 1953.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ṣe ìrántí nínú ilé ìjọba, ẹ má ṣe gbára lé ojúlùmọ̀. Ẹ tètè kọ̀wé sí àwọn tí àṣẹ ilé náà wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ sọ ọjọ́, ìdí àti iye ènìyàn tí yóò wá. Ẹ gba èsì ní kíkọ, kí ẹ sì pa á mọ́. Bí ẹgbẹ́ tó ń sọ èdè mìíràn bá sì tọrọ gbọ̀ngàn kan náà lọ́la, ẹ má ṣe bínú. Ẹ̀tọ́ tiwọn náà ni.