Ṣé O Mọ̀? Àwọn Ọmọbìnrin Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Inú Ìwé

Ṣé o mọ̀ pé Nancy Drew, ọmọbìnrin tó ń tú àṣírí olè nínú ìwé tí ọ̀pọ̀ àǹtí wa kà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ti lé ní 90 ọdún? Ọdún 1930 ni ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà.

Ṣé o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Carolyn Keene, orúkọ tó wà lára gbogbo ìwé náà? Ilé iṣẹ́ Edward Stratemeyer ló dá a sílẹ̀. Wọ́n á la ìtàn sílẹ̀, wọ́n á gbé e fún ẹni tó máa kọ ọ́, wọ́n á sanwó lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Mildred Wirt Benson ló kọ 23 nínú 30 ìwé àkọ́kọ́. Dọ́là 125 ni wọ́n san fún un lórí ìwé kan níbẹ̀rẹ̀, ìwé tó wá tà ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù! Ẹjọ́ kan lórí àwọn ìwé náà ní 1980 ló jẹ́ kí òkìkí Benson kàn. Ó dùn mí gan-an fún obìnrin yẹn.

Nancy tí màmá rẹ kà sì lè má jẹ́ èyí tí màmá àgbà kà. Láti 1959 ni wọ́n ti ń tún àwọn ìwé náà kọ: ọmọ ọdún 16 di ọmọ ọdún 18, orí 25 di 20, wọ́n sì yọ ibi tí wọ́n ti ń tàbùkù àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò. Ìyẹn dára. Àmọ́ wọ́n tún mú Nancy rọ̀. Ti àtijọ́ láyà jù ú lọ, òun ni mo fẹ́ràn.

Sonia Sotomayor, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà, fẹ́ di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nígbà tó wà ní kékeré. Nancy ló fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Àwa náà ńkọ́? Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fún wa ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Lápàdé nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969. Kọ́lá Akínlàdé fún wa ní Akin Olúṣínà. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, àmọ́ géńdé ọkùnrin ni àwọn méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ ohun àdììtú kún ilẹ̀ wa. Ṣé o mọ̀ pé yàrà Erédò, tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó sì gba apá Ẹ̀pẹ́, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160? Níbòmíràn, ògiri rẹ̀ ga tó mítà 20. Àwọn àgbà ní obìnrin ló ni ín: Bílíkísù Sùngbọ́, olówó tí kò bímọ, tí ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Èrí.

Ṣé o mọ̀ pé Ẹ̀pẹ́ ni Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ nígbà tí àgbá Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó ní December 1851? Ibẹ̀ ló tẹ̀dó sí títí di 1862. Kí ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sá lọ? Ta ló mọ ibi tó wà? Ìbéèrè tó yẹ ọmọbìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tiwa nìyẹn, ọmọ ọdún 14 tó mọ gbogbo ìyá ẹlẹ́ja ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lórúkọ, tó ní ọ̀rẹ́ ní Èbúté Ìkòròdú.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìwé ọmọ yìí fún wa ní Yorùbá.