Ọkọ̀ Tí Kì Í Rìn: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Pààrọ̀ Ọ́ìlì Rẹ̀?

Ẹ wo inú ọgbà àwọn ilé kan ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré, ẹ ò ní pẹ́ rí Corolla tàbí Camry kan tí wọ́n da tapólì bò. Ẹni tó ni ín lè máa gbé ní Èkó tàbí Abuja, kó jẹ́ pé Kérésì àti Àjíǹde nìkan ló ń gbé e wálé. Ó sì lè jẹ́ ti bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí lítà kan fò láti nǹkan bí náírà 190 sí bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn tún gbé ọkọ̀ tiwọn náà sílẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Iṣẹ́ yín ni pé kí ẹ máa sítáàtì ẹ̀ ní gbogbo Sátidé, “kí ẹ kàn wọ́ọ̀mù ẹ̀ díẹ̀.” Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí wọ́n fowó ọ́ìlì ránṣẹ́, èsì tó máa wá ni: “Ọ́ìlì kẹ̀? Ọkọ̀ tí ò rìn!”

Ó jọ òótọ́, àmọ́ kì í ṣe òótọ́. Ọ́ìlì ń gbó nínú ọkọ̀ tó dúró. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé wíwọ́ọ̀mù ọkọ̀ yẹn gan-an wà lára ohun tó ń tètè bà á jẹ́.

Omi ń bẹ nínú iná epo

Kábọ́nù àti háídírójìn ló pọ̀ jù nínú epo bẹntiróòlù. Nígbà tí epo bá ń jó, háídírójìn yìí máa ń so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, á sì di omi. Tí lítà epo kan bá jó tán, omi tó ń tibẹ̀ jáde tó nǹkan bíi lítà kan. Bẹ́ẹ̀ ni, lítà kan! Ìdí nìyẹn tí sàlẹ́ńsà fi máa ń kán omi láàárọ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú omi yìí ń gba sàlẹ́ńsà jáde bí ooru. Ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìn kọjá, á sì bọ́ síbi tí ọ́ìlì wà. Ẹ rántí ìkòkò iṣu tí wọ́n fẹ́ fi gún iyán: tí ooru bá kan ìdérí tó tutù, ó di omi, ó ń kán tó tó. Bó ṣe rí nínú ẹ́ńjìnnì tutù náà nìyẹn. Epo tí kò jó tán sì máa ń bá omi yìí wọlé, torí pé ẹ́ńjìnnì tutù máa ń mu epo ju èyí tó ti gbóná lọ.

Tí ọkọ̀ bá rìn jìnnà dáadáa, ọ́ìlì á gbóná tó bíi 100°C, omi á di ooru padà, páìpù kékeré kan á sì fà á lọ síbi tí epo ti ń jó. Ọ̀rọ̀ parí. Ibi tí wàhálà wà ni pé ọ́ìlì kì í tètè gbóná. Abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ ń wò nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ti omi rédíétọ̀ ni, kì í ṣe ti ọ́ìlì. Omi rédíétọ̀ lè ti gbóná kí ọ́ìlì tó gbóná rárá. Ó sábà máa ń gba bí ogún ìṣẹ́jú lórí ìrìn.

Nítorí náà, ẹni tó sítáàtì ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó sì pa á, ó ti pọn omi sínú ọ́ìlì, kò sì dúró kí omi náà gbẹ.

Omi yìí àti àṣẹ́kù iná, pàápàá imí-ọjọ́ inú epo, máa ń di ásíìdì. Àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi èròjà kan sínú rẹ̀ tó ń pa ásíìdì, tó ń ṣiṣẹ́ bíi kánún. Ṣùgbọ́n èròjà náà ń tán díẹ̀díẹ̀. Tó bá tán, irin ẹ́ńjìnnì ni ásíìdì máa dojú kọ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sì máa kó jọ sísàlẹ̀.

Kìlómítà nìkan ò tó

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọkọ̀ bàbá tíṣà wa. Ká ní ilé sí ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ kìlómítà 3. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 6. Láàárín ọ̀sẹ̀ 52, kìlómítà 312 péré ló máa rìn. Tí bàbá bá ń dúró kó pé 8,000, ó máa ju ọdún 25 lọ kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ́ìlì! Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì yẹn ti gbéra ní tútù ní ìgbà 104 lọ́dún kan ṣoṣo, láìgbóná dáadáa rí.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi máa ń fún wa ní òǹkà méjì. Nínú ìtọ́ni Toyota fún ọjà Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti wá, ọkọ̀ tó ń lo ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì 0W-20 máa ń pààrọ̀ ní máìlì 10,000 tàbí oṣù 12. Àwọn tó ń lo irú mìíràn, máìlì 5,000, ìyẹn bíi kìlómítà 8,000, tàbí oṣù 6. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni ká tẹ̀ lé. Ọkọ̀ tó ń rìn lójú ọ̀nà eléruku, tàbí tó jẹ́ ìrìn kúkúrú-kúkúrú ló ń rìn ṣáá nígbà òtútù yìnyín, abẹ́ oṣù 6 ni wọ́n fi í sí.

Fílítà ńkọ́?

Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì. Inú fílítà àtijọ́ ni ìdọ̀tí wà, ọ́ìlì àlòkù sì kún inú rẹ̀. Ẹ ò ní da omi mímọ́ sínú ife tí wọn ò fọ̀. Rọ́bà kan tún wà nínú ọ̀pọ̀ fílítà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn sísàlẹ̀ tí ọkọ̀ bá dúró. Tí rọ́bà yẹn bá ti le, ẹ́ńjìnnì á máa ha gbígbẹ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tẹ́ ẹ bá sítáàtì. Ẹ ṣí ilé fílítà afẹ́fẹ́ náà wò: eruku ọyẹ́ ń kún ibẹ̀, eku sì fẹ́ràn láti tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀.

Ó dáa, kí ni ká wá ṣe?

1. Ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà nìkan: ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

2. Ọkọ̀ tó dúró, àmọ́ tó ń rìn jìnnà tó bá jáde, tó sì ń lo ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì gidi: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó. Ẹni tó bá ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni, owó yín ló fẹ́ ná.

3. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gbé sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀: ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́ ẹ tó gbé e sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ má jẹ́ kí irin sùn nínú ásíìdì.

4. Dípò wíwọ́ọ̀mù ní gbogbo Sátidé, ẹ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì: láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó kẹ́ ẹ sì padà, tàbí láti Èmùré gba Ìsẹ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Tí kò bá sówó epo, ẹ kúkú má sítáàtì ẹ̀ rárá. Ẹ yọ orí bátìrì.

5. Ẹ máa wo gáájì. Ọ́ìlì tó dúdú kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó ń fọ ìdọ̀tí bó ṣe yẹ ni. Ṣùgbọ́n tí ọ́ìlì bá ń ga sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da kún un, tàbí tí nǹkan funfun bí ẹ̀kọ bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí rẹ̀, omi tàbí epo ti wọ ibẹ̀. Tí omi rédíétọ̀ náà bá tún ń dín kù, ẹ má sítáàtì ẹ̀ mọ́. Ẹ pe mẹkáníìkì.

6. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti iye kìlómítà sórí bébà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má da ọ́ìlì àlòkù sí gọ́tà. Àwọn káfíńtà máa ń gbà á láti fi kun pákó nítorí ikán.

Bíi lítà 4 ọ́ìlì àti fílítà kan ni gbogbo ohun tí Corolla ń bèèrè. Owó ẹ́ńjìnnì tó bá nọ́ọ̀kì kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyẹn. Nítorí náà, tí ẹ̀gbọ́n bá tún bi yín láti Èkó pé kí ni ọkọ̀ tí ò rìn fẹ́ fi ọ́ìlì ṣe, ẹ dá wọn lóhùn pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ yín ò rìn lóòótọ́, àmọ́ oṣù ń rìn.”