Ọlọ́jà, Ẹ Wo Ìlà-Oòrùn: Ibẹ̀ Ni Ìjì Òjò Ti Ń Wá

Ọ̀rọ̀ òjò la fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó sá èlùbọ́ sétí títì, ẹni tó ta aṣọ sórí okùn, ẹni tó da ata gbígbẹ sórí ẹní, ojú sánmà kan náà ni gbogbo wa ń wò. Ṣùgbọ́n ṣé ibi tó yẹ ká wò là ń wò?

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ibi tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ wá ni òjò á ti wá. Ó jọ òótọ́ o, àmọ́ tó bá di ti òjò oníjì nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

BÍ ÌKÚÙKÙ ṢE Ń DI ÒJÒ

Ẹni tó bá ń dáná mọ èyí. Tẹ́ẹ bá ṣí ọmọrí ìkòkò tó ń hó, ẹ ó rí omi tó ń kán lábẹ́ rẹ̀. Ooru omi ló gòkè, tó kan ohun tó tutù jù ú lọ, ló bá padà di omi. Bó ṣe rí lójú sánmà náà nìyẹn. Oòrùn á mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin nínú á gòkè. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á wá lẹ̀ mọ́ eruku àti iyọ̀ òkun tí ojú ò lè rí, á di ẹ̀kán omi tín-ín-tìn-ìn-tín. Àkójọ wọn là ń pè ní ìkúùkù. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan irú ẹ̀kán bẹ́ẹ̀ ló ń para pọ̀ kó tó di ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo. Ẹ ò rí i pé sánmà lè ṣú látàárọ̀ dalẹ́ kí òjò má rọ̀!

AFẸ́FẸ́ MÉJÌ TÓ PÍN ỌDÚN WA

Ọ̀kan ń ti orí òkun wá, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Omi ló rù wá. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, láti àríwá ìlà-oòrùn. Òun là ń pè ní ọyẹ́, eruku ló rù ní tiẹ̀. Ibi táwọn méjèèjì ti pàdé dà bí ààlà oko tó ń rìn. Lóṣù Kìíní, ààlà yìí máa ń sún mọ́ etí òkun wa. Lóṣù Kẹjọ, á ti kọjá òkè ọya lọ, á ti wọ ilẹ̀ Niger.

Òjò ò pọ̀ lójú ààlà náà gan-an, torí ọyẹ́ tó gbẹ ló wà lókè, kì í jẹ́ kí ìkúùkù ga. Ẹ̀yìn ààlà, lápá gúúsù, ni afẹ́fẹ́ òkun ti nípọn, ibẹ̀ ni òjò wà. Bí ààlà bá ń gòkè lọ ní nǹkan bí oṣù Kẹta, àkọ́rọ̀ dé nìyẹn. Bó bá ń padà bọ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá, àrọ̀kúrò ló kàn.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ ÌLÀ-OÒRÙN?

Ìjì àkọ́rọ̀ àti ti àrọ̀kúrò ló máa ń ká páànù kúrò lórí ìsọ̀. Ìkúùkù wọn máa ń ga ju kìlómítà 10 lọ. Ní nǹkan bíi kìlómítà 3 sí 4 sókè, atẹ́gùn mìíràn wà tó ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Atẹ́gùn òkè yẹn ló ń darí ìjì, kì í ṣe èyí tó ń fẹ́ sí wa lójú nísàlẹ̀.

Òjò tó ń rọ̀ tún máa ń mú afẹ́fẹ́ tutù. Afẹ́fẹ́ tútù náà á já wálẹ̀, á tàn ká síwájú bí omi tí wọ́n dà sórí sìmẹ́ńtì, á ti afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà níwájú lọ sókè. Ni ìkúùkù tuntun bá tún ṣú. Bí ìjì ṣe ń rìn nìyẹn, ó sì lè rin nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan.

Torí náà, ará Ìbàdàn, ẹ wo ọ̀nà Ifẹ̀. Ará Èkó, ẹ wo ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ará Abẹ́òkúta, ẹ wo ọ̀nà Ìbàdàn. Tí atẹ́gùn bá dákẹ́, tí ooru mú, tí apá ibẹ̀ dúdú, ẹ tètè máa palẹ̀ mọ́. Tí afẹ́fẹ́ tútù oníyanrìn bá wá fẹ́ lójijì, ẹ má dúró wá ṣéńjì mọ́ o, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù!

ẸKÚN OṢÙ KẸJỌ

Lóṣù Kẹjọ, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, torí ó ti bá ààlà lọ sókè ọya, omi òkun etí ilẹ̀ wa náà sì tutù nígbà yẹn. Ìkúùkù tó máa ń wà kì í ga, á kàn bo ojú oòrùn ni. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń sá èlùbọ́, ẹ ṣọ́ra: òjò ò rọ̀, ṣùgbọ́n ọjà ò gbẹ, ó lè bu.

Ẹ má sì fọkàn tán oṣù náà jù. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 ni odò Ògùnpa ya n'Ìbàdàn. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011 ni omíyalé tún dé bá wọn. Ẹni tó kú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní 100. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà létí odò, kó má kó ọjà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ torí wọ́n ní òjò ti sinmi.

OHUN TÁ A LÈ ṢE

Ẹ bá àwọn oníbàárà yín tó wà lápá ìlà-oòrùn sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi fóònù ta yín lólobó tí ìjì bá ń jà lọ́dọ̀ wọn. Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, ó lè tó wákàtí kan àbọ̀ kó tó dé, bí kò bá túká lójú ọ̀nà.

Tí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán. Mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kan. Tẹ́ẹ bá ka mẹ́sàn-án, kò ju kìlómítà 3 lọ mọ́, ẹ wọlé.

Ẹ tún máa gbọ́ rédíò. Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003, ń kéde ìgbà tí òjò á bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí á kásẹ̀ nílẹ̀. Ká gbọ́ ọ ká tó rajà sílẹ̀. Ká má sì da ilẹ̀ sí gọ́tà o, torí omi ò ní ṣàì wá ọ̀nà gbà.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí àdánù. Ó dìgbà kan ná.