Ẹ San Díẹ̀ Sílẹ̀ Kí A Tó Dá Ọjọ́: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Oníṣẹ́ Ọwọ́ àti Ẹ̀yin Oníbàárà

 

Ní ìpàdé wa kan láìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tí a rò pé kò yẹ kó parí síbi ìpàdé. Ìyá kan láàárín wa, onídìrí ni ní Ganmọ níbí, kò rí owó ẹ̀yáwó oṣù náà san. Nígbà tí akápò bi í léèrè, ó dìde, ó ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mi ò jẹ owó ẹgbẹ́. Àwọn ọmọge mẹ́rin kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó ló ní kí n fi Sátidé tó kọjá sílẹ̀ fún àwọn. Mo ra irun sílẹ̀, mo ra ìpara, mo tún dá oníbàárà méjì padà nítorí wọn. Láti aago méje àárọ̀ ni mo ti ń retí. Mo pè wọ́n, wọ́n ní, 'Mọ̀mí, a ti wà lọ́nà.' Nígbà tó fi máa di aago kan ọ̀sán, wọ́n ti pa fóònù. Àṣé Ìlọrin ni wọ́n ti lọ ṣe irun wọn."

Gbogbo wa ní, "Ó mà ṣe o!" Ṣùgbọ́n bàbá kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà dìde. Ó ní, "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Èmi san gbogbo owó ìránṣọ fún télọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Iléyá. Aṣọ èṣí ni mo wọ̀ lọ sí Yídì. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún ni aṣọ tuntun tó jáde. Ta ni yóò san tèmi?"

Báyìí ni ilé pín sí méjì. Àwọn oníṣẹ́ ní kí oníbàárà máa sanwó ṣáájú. Àwọn oníbàárà ní ẹni tó bá sanwó ṣáájú ti fi ara rẹ̀ lé oníṣẹ́ lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ wá ní kí àwa tí à ń kọ ìwé ìròyìn yìí lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, pàápàá ètò tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ, pé èèyàn lè gba àkókò lórí fóònù kó sì san díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí a rí nìyí.

OWÓ TÍ Ń SỌNÙ LÁÌ DÚN

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó wò. Ká ní onídìrí kan lè ṣe irun èèyàn mẹ́fà ní Sátidé kan, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì san ₦5,000. Bí méjì nínú wọn bá ṣe àdéhùn tí wọn kò wá, ₦10,000 ti lọ nìyẹn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní Sátidé mẹ́rin, ó di ₦40,000 lóṣù kan. Olè kò jà á, iná kò jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, síbẹ̀ owó ti sọnù. Irun tó rà sílẹ̀ lè dúró de ọjọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n Sátidé tó lọ ti lọ náà nìyẹn. Àkókò ni ọjà tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń tà, ọjà náà kì í sì í di ọjọ́ kejì.

ÀSANSÍLẸ̀ KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Àwọn kan ní àṣà òyìnbó ni kí a gba owó kí a tó ṣiṣẹ́. Rárá o. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá fẹ́ kí ahunṣọ hun aṣọ fún òun yóò kó òwú wá, tàbí kó fi owó òwú sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí onílù bá òun ṣe òkú àgbà yóò fún un ní nǹkan tí yóò fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dájú. Nǹkan kékeré yẹn ni ẹ̀rí pé ẹnu méjèèjì ti kò.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé nígbà náà, ẹni tó bẹ iṣẹ́ àti ẹni tó gbà á mọ ilé ara wọn. Bí ọ̀kan bá yẹ àdéhùn, àwọn àgbà á pè é. Lónìí ńkọ́? Ganmọ wà lójú ọ̀nà tó ti Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí èrò Òmù-Àrán àti èrò Ọ̀fà ti ń yà kúrò lára wọn. Oníbàárà lè pè wá láti ibikíbi, a ò mọ ojú rẹ̀, a ò mọ ilé rẹ̀. Kò sí àgbà tí a fẹ́ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn fi nílò ohun tí yóò dì í mú.

ẸNI TÓ FI ÌṢÒRO YÌÍ DÁ ILÉ-IṢẸ́ SÍLẸ̀

Kì í ṣe Ganmọ nìkan ni wàhálà àdéhùn wà. Ọmọ Nàìjíríà kan tí a bí sí Èkó, Tọ́pẹ́ Awotona, rí tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí àwọn adigunjalè tí ń gba ọkọ̀ pa bàbá rẹ̀ ní Èkó. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 15, ìdílé rẹ̀ kó lọ sí ìlú Atlanta. Ó dàgbà, ó gbìyànjú òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta: ibi tí àwọn àpọ́n ti ń wá ọ̀rẹ́, títa ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, àti títa ààrò tí wọ́n fi ń sun ẹran. Kò sí èyí tó gbà lára wọn.

Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ọjà títà, ohun tó ń dà á láàmú jù ni lẹ́tà tí wọ́n ń kọ lọ kọ bọ̀ nítorí àtidá ọjọ́ ìpàdé kan ṣoṣo. "Ṣé ọjọ́ Ajé rọ̀ yín lọ́rùn?" "Rárá, Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ á ṣe parí. Ní 2013, ó kó gbogbo owó tó fi pamọ́, bíi $200,000, ó tún yá owó kún un, ó sì dá Calendly sílẹ̀. Ìwọ yóò kọ àkókò tó ṣí sílẹ̀ fún ọ sórí ẹ̀rọ, oníbàárà yóò mú èyí tó bá fẹ́, ó parí. Nígbà tó fi di 2021, àwọn olówó ti díye lé ilé-iṣẹ́ náà ní $3 bílíọ̀nù.

Kí ni a rí kọ́? Pé ohun tí àwa kà sí ìyọnu kékeré, òwò ńlá ni lójú ẹni tó bá rò ó dáadáa.

BÍ OWÓ ṢE Ń RÌN

Dídá ọjọ́ nìkan kò tó, owó ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dájú. Láti 2011 ni àwọn báǹkì Nàìjíríà ti ní ètò tí owó fi ń ti báǹkì kan dé òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa kò kà á sí títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó bébà sì wọ́n bí ojú. Ẹ rántí ìlà tó wà lẹ́nu báǹkì! Ìgbà yẹn ni ìyá alátá pàápàá kọ́ trànsífà.

Ní 2015, àwọn ọ̀dọ́ méjì, Ṣọlá Akínládé àti Ezra Olubi, dá Paystack sílẹ̀ ní Èkó, kí oníṣòwò lè gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà rà á. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mìíràn wà, bíi Flutterwave. Wọn yóò fún yín ní líǹkì, èyíinì ni àdírẹ́sì kan tí ẹ lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Oníbàárà á tẹ̀ ẹ́, á sanwó, ẹ̀rọ yóò sì fún òun àtẹ̀yin ní rìsíìtì.

Wọ́n ń gba owó iṣẹ́ wọn o. Bí a ti ń kọ èyí, Paystack ń yọ náírà kan àtààbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà, àti ₦100 lé e bí owó náà bá tó ₦2,500. Nítorí náà, bí oníbàárà bá san ₦2,000 sílẹ̀, ₦30 ni wọn yóò yọ, ₦1,970 á kù. Bí ó bá san ₦5,000, ₦175 ni wọn yóò yọ. Ẹ fi í sínú ìṣirò yín.

BÍ A ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀

1. Ẹ kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iye owó rẹ̀, àti wákàtí tó ń gbà. Ẹni tí kò mọ iye wákàtí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbà, ẹ̀rọ kò lè bá a mọ̀ ọ́n.

2. Ẹ gba kàlẹ́ńdà orí fóònù. Calendly àti Google Calendar ní èyí tí a kì í sanwó fún. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ ń ṣiṣẹ́ sí i. Ẹ yọ àkókò Jímọ̀ tàbí àkókò ṣọ́ọ̀ṣì kúrò, kí ẹ sì fi ààyè díẹ̀ sáàárín oníbàárà kan àti èkejì.

3. Ètò owó tí wọ́n so mọ́ àwọn kàlẹ́ńdà wọ̀nyí, ti òkè òkun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ gba líǹkì owó ti Nàìjíríà lọ́tọ̀. Wọn yóò béèrè nọ́ńbà báǹkì yín àti BVN. Ẹni tó bá ti forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC yóò rí ọ̀nà tó gbòòrò jù.

4. Ẹ so méjèèjì pọ̀ lórí WhatsApp Business, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí oníbàárà bá ti mú àkókò, ẹ fi líǹkì owó ránṣẹ́ sí i pé: "A ti fi aago mẹ́wàá pamọ́ fún yín. Bí owó àsansílẹ̀ kò bá wọlé títí di irú àkókò yìí lọ́la, a ó fún ẹlòmíràn." Ẹ lè lẹ àmì mọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan: "ti san", "kò tíì san".

5. Ẹ má gba àwòrán alẹ́ẹ̀tì gbọ́. Owó kò tíì dé àfi tí ẹ bá rí i nínú àpò báǹkì yín tàbí nínú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ń gbà á fún yín.

Èló ni kí àsansílẹ̀ jẹ́? Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kó tó ohun tí ẹ máa ná kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: irun, òwú, aṣọ inú, owó ọkọ̀. Ẹ má gba gbogbo owó tán. Oníbàárà tó ṣì ní ìdajì owó lọ́wọ́ ní ohun tí yóò fi mú yín yára, ẹ̀yin tí ẹ sì ní ìdajì lọ́wọ́ ní ohun tí yóò fi mú un wá. Ọ̀rọ̀ bàbá tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ nìyẹn: gbogbo owó tó san tán ló sọ ọ́ di ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló kọ ọ́ sára ògiri pé, "Owó tó bá ti wọlé kò ní í jáde." Ẹ ṣọ́ra o. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 tó dáàbò bo oníbàárà sọ ní apá 120 pé ẹni tó bá ti gba àkókò sílẹ̀ lè yí ọkàn padà. Oníṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àsansílẹ̀ tó mọ níwọ̀n, ó sì lè yọ owó tó mọ níwọ̀n nítorí ìyọkúrò náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kó kàn gbé gbogbo rẹ̀ mì. Nítorí náà, ẹ kọ òfin yín sílẹ̀ kí oníbàárà tó sanwó. Fún àpẹẹrẹ: bí ó bá sọ fún yín ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ dá owó rẹ̀ padà, bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ yọ iye tí ẹ ti ná. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ yẹ àdéhùn, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ sì tọrọ àforíjì.

OWÓ TA NI?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Owó àsansílẹ̀ kì í ṣe èrè. Títí iṣẹ́ yóò fi jáde, owó oníbàárà ni, ọwọ́ yín ló kàn wà. Télọ̀ tó fi àsansílẹ̀ ti Iléyá san owó ilé-ìwé ọmọ, tó wá ń retí àsansílẹ̀ ẹlòmíràn láti fi ra òwú ti ẹni àkọ́kọ́, ó ti wọ gbèsè láì mọ̀. Báyìí ni aṣọ kì í fi í jáde. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ẹ ya owó náà sọ́tọ̀. Ẹ ra ohun èlò nínú rẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kan ìyókù títí ẹ ó fi fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́.

Ẹni tí kò bá sì ní fóònù ńlá, kó má sọ̀rètí nù. Ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ní ọjọ́, aago, orúkọ, iye tí wọ́n san àti iye tó kù, pẹ̀lú rìsíìtì, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ẹ̀rọ kàn ń mú un yá ni. Ẹni tó ń yẹ àdéhùn nínú ìwé, yóò yẹ ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá onídìrí wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá a ṣètò kàlẹ́ńdà náà. Oníbàárà méjì ti bá a jà pé, "Ṣé ẹ ò fọkàn tán wa ni?" Ọ̀kan lọ, kò padà. Ọ̀kan yọ ara rẹ̀ kúrò ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ìyá dá ₦2,000 rẹ̀ padà, ẹlòmíràn sì gba àkókò náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ti san ìdajì gbèsè tó jẹ ẹgbẹ́. Bàbá tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní òun ti gbọ́, pé ìdajì ni òun yóò san fún télọ̀ ní Iléyá tó ń bọ̀, ìdajì yòókù sì di ọjọ́ tí òun bá wọ aṣọ náà wò.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, kí ẹ sì wá sọ bó ṣe rí fún wa ní ìpàdé. Ọlọ́run yóò bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa o. Àṣẹ.