Àyẹ̀wò Itọ́ Nínú Ìdámọ̀ Àrùn Erìgì: Ìwúlò àti Ààlà Rẹ̀

1. Ìfáàrà

Ẹni tí erìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí ó bá ń run orín kì í sábà ka ọ̀rọ̀ náà sí, nítorí pé àrùn ìdí eyín kì í tètè dunni. Ìgbà tí eyín bá ń mì ni ọ̀pọ̀ ń lọ rí dókítà. Nígbà náà, àrùn ti jẹ lára egungun tí ó gbé eyín ró, egungun náà kò sì ní hù padà fúnra rẹ̀. Bébà yìí ṣàlàyé bí àyẹ̀wò itọ́ ṣe lè mú kí irú àrùn bẹ́ẹ̀ tètè di mímọ̀, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

2. Ohun tí ó wà nínú itọ́

Itọ́ tí àgbàlagbà ń pèsè lóòjọ́ tó ìdajì lítà sí lítà kan àti ààbọ̀. Omi tí ó ń sun láti inú erìgì a máa dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí kòkòrò àìfojúrí bá kó jọ sí ìdí eyín, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ yóò jáde láti bá wọn jà. Ọ̀kan nínú ohun ìjà wọn ni ẹ́ńsáìmù MMP-8, èyí tí ó ń gé okùn tí ó so eyín mọ́ egungun. Bí ìjà náà bá ṣe le tó ni ẹ́ńsáìmù yìí ń pọ̀ tó nínú itọ́.

Timo Sorsa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Helsinki, ní Finland, wà lára àwọn tí ó sọ ìmọ̀ yìí di àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀. Aláìsàn yóò fi omi yọ ẹnu, yóò tu ú sínú ife, a ó sì fi ọ̀pá àyẹ̀wò yẹ̀ ẹ́ wò. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ìlà méjì ni yóò hàn bí ẹ́ńsáìmù náà bá tó 20 nánógíráàmù nínú mìlílítà kan.

3. Ìwúlò

Ní ìlú bí Ayébòdé-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, irú àyẹ̀wò yìí lè ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ láti mọ ẹni tí ó yẹ kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ yé aláìsàn pé itọ́ ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ìtọ̀. Ife tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí lára láìfi àmì ohùn sí i lè da iṣẹ́ rú.

4. Ààlà

Àyẹ̀wò yìí kò sọ eyín tí àrùn wà, kò sì sọ bí egungun ṣe jẹ tó. Ọ̀pá tín-ín-rín tí dókítà fi ń wọn ìdí eyín àti fọ́tò egungun ni ó lè fi ìyẹn hàn. Ẹni tí eyín rẹ̀ kò pọ̀ mọ́ lẹ́nu lè ní àrùn kí ìlà kejì má hàn.

Nómà tún yàtọ̀ pátápátá. Ìwádìí Cyril Enwonwu ní 1972 so egbò erìgì àti nómà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ mọ́ àìjẹunre-kánú. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi nómà kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì ní Oṣù Kejìlá 2023. Nínú ọmọ 10 tí kò rí ìtọ́jú, ó lè pa tó 9. Bí erìgì ọmọdé bá ní egbò, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń wú, kò sí ìdí láti dúró de àyẹ̀wò kankan. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀rí ni itọ́ ń jẹ́. Kì í dá ẹjọ́. Ojú àti ọwọ́ dókítà ni ó ń parí ọ̀rọ̀.